Ọjọ́ Tí Mo Sọ Àlejò Wa Di Ùséènì

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tán. Ráfíà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Àlájì, mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wálé láti Amẹ́ríkà, sí Ìgàndó. Òyìnbó ni, a ò sì tíì mọ orúkọ rẹ̀, torí "Họ́nì" nìkan ni Ráfíà ń pè é. Àlájì ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì inú imú yẹn, ojú wọn sì le. Èmi tí mo ti ń fọ́nnu káàkiri àdúgbò pé kò sí gẹ̀ẹ́sì tí n kò gbọ́, èmi náà ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀ nígbà tí Ráfíà bá ìyá rẹ̀ wọ kíṣìnì.

"Bi í pé ta ni," Àlájì ní.

Mo bi í. Ó fọwọ́ sáyà, ó ní "Húṣà" lòun. Yéè! N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ṣé kí n wá ní n kò mọ̀ ni, lójú ìyàwó mi? Mo ní, "Ó ní Ùséènì lòun, sà."

"Àlùàmùdùlílàhì!" Àlájì fò dìde, wọ́n dì mọ́ ọn. Wọ́n ní ká pe Áfáà tó wà lójúlé kejì wá. Gbogbo ilé ń pariwo "Ùséènì!", òun náà ń dáhùn "Yẹ́ssà!" Àṣé ó rò pé bí àwa Yorùbá ṣe ń pe Húṣà nìyẹn.

Áfáà jókòó tán, ó ní kí Ùséènì fa àdúrà. Mo sọ sí i létí pé kó ṣáà sọ ohun kan tí wọ́n máa ń sọ nílùú wọn. Ló bá dìde, ó nà ró bíi sójà, ó ki orin ìpínlẹ̀ wọn mọ́lẹ̀! Tẹ̀sùbáà bọ́ lọ́wọ́ Áfáà. Ráfíà sáré jáde ti òun ti ṣíbí ọbẹ̀.

Òun ló wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa: Máíkù lorúkọ ọkùnrin náà, gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n sì ń fi Húṣà ṣe ìnagijẹ. Ibo lorúkọ ọ̀hún ti wá? Máíkù ní kò sẹ́ni tó mọ̀ dájú. Àwọn kan ní láyé àtijọ́, bí èèyàn bá kanlẹ̀kùn lọ́hùn-ún, "Ta ló wà níbẹ̀?" ni wọ́n máa ń ké látinú ilé, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, "Who's here?", ló sún kì di Húṣà.

Èmi ti ń wo ọ̀nà àbájáde. Àlájì ní kí Ráfíà bi í: ká ní ó mọ̀ pé Ùséènì là ń pè é, ṣé ì bá gbà bẹ́ẹ̀? Ó ní rárá o, òun ì bá ti sọ pé kì í ṣe òun, bí wọ́n bá tilẹ̀ máa lé òun jáde.

Àlájì mirí. "Èyí ò ní purọ́ fún ọmọ mi. Ti ẹ̀sìn, a máa jókòó sọ ọ́." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, ògbufọ̀? Lọ bu omi wá fún àlejò, jàre."

Mo lọ. Nídìí ẹ̀rọ omi ni mo ti gbà pé "n kò gbọ́" ò pa ẹnikẹ́ni rí, irọ́ ni kì í sọ ibi tó ń gbé èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n mo tún rántí bí Áfáà ṣe lanu sílẹ̀ tí orin ń lọ, n kò mọ̀gbà tí ẹ̀rín gbé mi jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì.