Mọ́káílà Àlàmú àti Ẹ̀kán Kan Lórí Pátákó

Ẹ yà lọ́nà! Mọ́káílà Àlàmú ló ń bọ̀, ọmọ Àlùfáà Sànúsí onígègé wúrà, ọmọ ẹni tó ń po tàdáwà ìkọ̀wé tí gbogbo àdúgbò Pàkátà ní Ìlọrin ń gbóòórùn rẹ̀, ọmọ baba tó da Kùránì kọ láti Fátíhà dé Náàsì láìṣì í kọ. Kìnnìún ni nídìí kọ̀ǹpútà, erin ni nídìí ọ̀dà. Òun ló tẹ orúkọ oníkẹ́míìsì kọrọdọ bíi lẹ́tà Lárúbáwá, òun ló na ìrù orúkọ télọ̀ títí ó fi jọ okùn tó gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá, débi pé kò sí oníṣòwò kan mọ́ ládùúgbò tó fẹ́ gba lógò tí kò bá lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Bóyá Mọ́káílà fúnra rẹ̀ lè ka lẹ́tà Lárúbáwá ni kò dáni lójú, nítorí oorun ló fi ilé-kéwú sùn. Ṣùgbọ́n ta ní í bi akọni ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí Alhaja Sàúdátù fẹ́ ṣí ilé búrẹ́dì rẹ̀, akọni wa wá bí wọ́n ṣe ń kọ búrẹ́dì ní Lárúbáwá lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà mẹ́ta péré, ó sì yà á gàdàgbà sórí pátákó. Ó wú ikùn lẹ́tà àkọ́kọ́ bí ìyẹ̀fun, ó fẹ́ ìrù èyí tó kẹ́yìn bí èéfín. Ẹ̀kán kékeré kan wà lórí lẹ́tà tó kẹ́yìn yìí. Mọ́káílà wò ó títí, ó jọ ìgbẹ́ eṣinṣin lójú rẹ̀, ló bá pa á rẹ́, kí ẹwà lè pé.

Lọ́jọ́ ìṣíde, wọ́n ti gbé pátákó kọ́ sókè, àwọn àlùfáà tó fẹ́ wá ṣàdúà ti ń bọ̀ lọ́nà, nígbà tí Mùíbá, ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, gbójú sókè.

"Bàbá Fárúkù, kí ni Alhaja ń tà?"

"Búrẹ́dì ni. Ṣé o ò rí i kà ni?"

"Mo kà á. Làbárì, ìyẹn ìròyìn, lẹ kọ síbẹ̀. Ẹ̀kán orí lẹ́tà tó kẹ́yìn dà?"

Akọni gbójú sókè wo pátákó. Ó ti ń rí i bí àwọn àlùfáà yóò ṣe tò sábẹ́ pátákó, tí wọ́n á máa bi Alhaja pé èló ni làbárì gbígbóná kan. Ó gbé ọ̀dà, ó di àkàbà mú. Àràbà ńlá tí í mi igbó tìtì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ewé, nítorí láti kékeré ni òkè ti ń bà á lẹ́rù. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan, á ṣe bìsímílà. Alángbá kan yọjú lẹ́yìn pátákó, ó mi orí sí i. Akọni náà mi orí padà, kò yẹsẹ̀.

"Mùíbá, má fi àkàbà yìí sílẹ̀ o!"

"Mo dì í mú. Ẹ lọ sókè díẹ̀ sí i. Ó tó. Ibẹ̀ gan-an ni."

Ó dijú, ó sì ti búrọ́ọ̀ṣì mọ́ pátákó bí ẹni gún ọ̀tá lọ́kọ̀.

Àwọn àlùfáà yọ. Àgbà inú wọn gbójú sókè, ètè rẹ̀ ń mì bó ti ń kà á.

"Búrẹ́dì," ó ní. "Ṣé ó ti jinná?"

Ayọ̀ gba Mọ́káílà lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́. Orí àkàbà ló wà tí Mùíbá fi na búrẹ́dì sí i láti ìsàlẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti fi ẹnu tó kún kéde pé, "Kí Ìlọrin gbọ́, kí Ọ̀fà gbọ́, kí Ògbómọ̀ṣọ́ dákẹ́ kó gbọ́: èmi Àlàmú kọ lẹ́tà mẹ́ta, mo sì kọ wọ́n pé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé mi wálẹ̀."