Ojú Anselin Lára Kàtídírà

Ẹ bá mi kí Anselin, oníṣòwò aṣọ aláró nílùú Amiens, nílẹ̀ Faransé: A-rí-dígí-má-kọjá, Ọ̀gá-fi-apá-aṣọ-gbálẹ̀, ọkùnrin tó máa ń kí òjìji ara rẹ̀ kó tó kí ìyàwó rẹ̀.

Anselin fẹ́ di olórí ẹgbẹ́ oníṣòwò aṣọ. Ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù máa ya kàtídírà tuntun sí mímọ́ ni ẹgbẹ́ máa yan olórí. Ó ní dandan ni, ojú òun gbọ́dọ̀ wà lára ilé náà kọ́jọ́ ọ̀hún tó pé.

Gombert, ọ̀gá àwọn tó ń gbẹ́ òkúta, fi fèrèsé gíláàsì aláràbarà hàn án. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dáwó, ìsàlẹ̀ àwòrán níbí lẹ máa wà. Ẹ máa kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ẹni mímọ́."

"Kí n kúnlẹ̀? Kí ni mo ṣe fún un?"

"Àwọn oníbúrẹ́dì náà kúnlẹ̀, ọ̀gá."

"Oníbúrẹ́dì sì ni wọ́n!"

Wọ́n bọ́ síta. Àwọn apá òkúta gbọọrọ di ògiri mú níbẹ̀, àfi bí ẹni pé ilé náà fẹ́ sá lọ. Lókè, nítòsí òrùlé, Anselin rí àwọn orí òkúta tó yọrí síta.

"Àwọn yẹn ńkọ́?"

"Àwọn yẹn? Bójò bá ti—"

"Ṣé òjò ni mo bi ọ́? Ibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́. Kí tèmi gùn ju tiwọn lọ!"

"Ẹnu wọn gbọ́dọ̀ là sílẹ̀ o."

Hersent, ìyàwó Anselin tó bá wọn wá, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò le. Tolówó orí mi ò padé rí."

Ọjọ́ pé. Anselin dúró sábẹ́ orí òkúta rẹ̀ gan-an, nínú ẹ̀wù aláró, ó ń kígbe sáwọn ọmọ ẹgbẹ́: "Ẹ wojú mi lókè! Ẹ wo ẹ̀wù mi nílẹ̀! Aró Anselin kì í ṣí!" Òun nìkan ló mọ̀ pé ńṣe làwọn aṣọ rẹ̀ kàn máa ń yà kí aró nínú ìkòkò, wọn kì í jókòó.

Ni òjò bá dé. Omi gbogbo òrùlé wọ́ gba ẹnu òkúta, Anselin òkè sì bì í sórí Anselin ìsàlẹ̀. Ẹ̀wù di funfun. Ìbọ̀sẹ̀ di aláró. Ó fi apá aṣọ nujú, ojú náà di aláró.

Bíṣọ́ọ̀bù ń yí ilé ká, ó ń wọ́n omi mímọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wò ó. "Ọmọ mi, tìẹ ti tó." Ó kọjá.

Alàgbà ẹgbẹ́ wúkọ́. "Ẹni tó bá fẹ́ kí Anselin jẹ olórí wa, kó nawọ́ sókè."

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló gòkè. Aláró ni.