Omijé Inú Ìgò

Mo ń kọ "aago mẹ́wàá, ojú méjèèjì" sínú ìwé eléwé ogójì lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Ọjọ́ kẹsàn-án nìyẹn tí wọ́n ti fi iná lésà tún ojú mi ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní Maitama, ní Àbújá, wákàtí wákàtí ni mo sì gbọ́dọ̀ máa kán oògùn sí i. Ọkọ mi ló pè. Ó ní, "Ìyá Tómi, Màmá mi ti lọ." Mo ti gbìyànjú títí láti gbàgbé ọjọ́ náà. Kò gbà fún mi.

Ọmọ wa, Tómi, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ló ní kí n lọ ṣe ojú náà nígbà tí mo pé ọdún méjìdínláàádọ́ta. Láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti ń lo awò. Ní iléèwé tí mo ti ń tọ́jú fáìlì ní Jikwoyi, Ìyá Awò ni àwọn ọmọ ń pè mí. Ìwé tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ní Maitama jẹ́ ojú ewé mẹ́rin, mo sì kà á tán. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú lè gbẹ, pé iná mọ́tò lè máa fọ́n ká lójú lálẹ́, pé ẹni ọjọ́ orí mi lè máa rí òkèèrè kó má rí ìtòsí dáadáa mọ́. Mo fọwọ́ sí i. Wọn kò kọ ohun tí ẹbí ọkọ yóò sọ síbẹ̀.

Ọkọ mi mọ̀, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ẹbí rẹ̀ mọ̀. Mo rò pé wọ́n á ní arúgbó ń ṣe ojú lọ́ṣọ̀ọ́. Mo parọ́ pé iléèwé rán mi lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Lafia. Ṣáájú ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ sí Lokogoma, níbi tí ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Èmi ni mo máa ń wẹ̀ ẹ́ tí mo sì máa ń gé èékánná rẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ní kí n yẹra fún eruku àti ọṣẹ, mo sì ní ó di ìgbà tí ojú bá jinná. Màmá béèrè mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n sọ fún un pé mo wà ní Lafia.

Awò dúdú ni mo wọ̀ lọ sílé ọ̀fọ̀. Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìyàwó, oòrùn wo ló wà nínú pálọ̀?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ojú ló ń dùn mí."

"Ojú ń dùn ẹ́. Ìyá mi ló kú ní tèmi."

Mo bọ́ ọ. Gbogbo ìyàwó ilé ń sunkún, èmi sì jókòó bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Inú mi bàjẹ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n ńṣe ni ojú mi gbẹ bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i. Bí ìyàwó àbúrò ọkọ mi ṣe fi igbe ta, tó fò mọ́ mi nìyẹn. Mo rí ìgúnpá rẹ̀ tó ń bọ̀ tààrà sójú mi. Dókítà ti kìlọ̀ pé bí nǹkan bá gbá ojú náà, ibi tí wọ́n là lè tún ṣí. Mo yẹ̀. Orí kúlà omi ló balẹ̀ sí, ìdérí kúlà sì là sí méjì. Wọ́n gbé e dìde. Kò sẹ́ni tó fojú ire wò mí mọ́.

Ní aago mẹ́rin géérégé, fóònù mi tún dún láti rán mi létí oògùn. Orin ìyìn onípàtẹ́wọ́ ni Tómi fi sí i. Mo pa á, mo sá wọ stóò, mo gbé orí sókè, mo kán oògùn sójú ọ̀tún, mo kán an sí tòsì. Ó ń ṣàn bọ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ mi nígbà tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn.

"Hẹ̀ẹ̀! Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo ìyàwó tó rọ ẹkún sínú ìgò wá sílé òkú!"

Wọ́n dé. Ìgò náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, títí ó fi kan ìyàwó tó ṣubú lórí kúlà. Ó ka ohun tó wà lára rẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn láìfi nǹkan kan pamọ́: "Àǹtí, wọ́n ní omijé àtọwọ́dá ni."

"Kai!" ni aládùúgbò kan tó wá bá wọn kẹ́dùn sọ lẹ́nu ọ̀nà.

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: lésà, Lafia, gbogbo rẹ̀. Ì bá sàn kí n dákẹ́.

"Màmá ń pè ẹ́, ìwọ ń ṣe ojú," ni Àǹtí wí. Kò pariwo mọ́. "O ò ní fọwọ́ kan òkú ìyá mi."

Ó dùn mí dé eegun. Èmi ni ìyàwó àgbà nínú ilé náà, torí èmi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé níyàwó, èmi ni Màmá sì ti fi aṣọ tí yóò wọ̀ hàn pé kí n wọ̀ ọ́ fún òun bí òun bá kú. Odindi ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi bẹ Àǹtí. Kò gbé fóònù mi. Bọ̀dá ló bi í léèrè níkẹyìn pé, "Bọ́sẹ̀, ta ló ń wẹ Màmá láti ọdún mẹ́ta yìí?" Ó jẹ́ kí n bá wọn lọ wọ aṣọ fún Màmá ní mọ́ṣúárì ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú.

Mo kọ́kọ́ pe nọ́ọ̀sì ní Maitama. Ó ní, "Mọ́ṣúárì kẹ̀? Mọ́mì, ẹ má dé bẹ̀ o! Oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú á jó ojú yín." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì wọ mọ́tò.

Òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn ni ojú mi gbiná, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Àǹtí wò mí. Ó ní, "Omijé ti wá dé wàyí."

A wọ aṣọ fún Màmá. Nígbà tó kan yẹtí, mo mú un, n kò rí ihò etí. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá bọ́ awò tí mo sì sún mọ́ nǹkan, kò sí ohun kékeré tí n kì í rí. Ní báyìí, etí Màmá dà bí ìkùukùu. Mo gún un lẹ́ẹ̀mẹta, mo tàsé ní gbogbo ìgbà.

Mo ní, "Àǹtí, mi ò rí i. Òkèèrè nìkan ni mò ń rí." Ó gba yẹtí náà lọ́wọ́ mi, ó sì fi sí i.

Ojú náà wú fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, dókítà sì bá mi wí bí ọmọdé. Ó ti jinná báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì máa ń gbẹ nígbà ọyẹ́, mo sì tún ti ra awò tí mo fi ń kàwé. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀: ewu lésà wà nínú ìwé, mo kà á, ewu irọ́ kò sí níbẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Arúgbó tó ń béèrè ẹni kò sì lè dúró de ìgbà tí ojú ẹni bá jinná. Bí mo bá rántí ìgò yẹn, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu mi.

Ní mọ́ṣúárì lọ́jọ́ náà, mo rò pé Àǹtí ti bá mi sọ̀rọ̀ tán. Ó we gèlè fún Màmá, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ lósì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ojú tirẹ̀ náà ti pọ́n.

"Ìwọ olójú òkèèrè, lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Sọ fún mi bóyá gèlè ìyá wa gún."