Àṣẹ Ọba Lórí Pẹpẹ Inú Kọ̀ǹpútà Ààfin

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Àgbàrá, ẹ gbé garawa yín kalẹ̀! Adéṣèwà tó ń yẹ ètò wò fún ààfin wà lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìdájí ló ti ń fi ìka tọ ètò tuntun, ìyẹn àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà lórí ẹ̀rọ omi wa, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò tíì jẹun. Ẹ má pè é!

Ohun tó gbé wa débí nìyí. Kọ̀ǹpútà ààfin ló ń darí ẹ̀rọ omi. Ètò kankan kì í wọ yàrá inú rẹ̀ láìjẹ́ pé Adéṣèwà ti yẹ gbogbo ọ̀nà rẹ̀ wò. Pẹpẹ kan wà nínú yàrá náà, olójú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, tí ètò ń gbé ẹrù rẹ̀, ìyẹn iye tó fẹ́ lò, sí fúngbà díẹ̀. Oyèkànmí, ẹni tó ń kọ ètò fún ààfin, kọ ọ̀kan wá fún ẹ̀rọ omi. Adéṣèwà ní òun yóò fi ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹ̀ ẹ́ wò. Ìjòyè Ọ̀tún ní ọjọ́ mẹ́sàn-án kẹ̀, ṣé ìdílé ìyàwó ló ń wádìí ni? Ó ti ètò náà wọlé fúnra rẹ̀!

Ètò ní kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún iye wákàtí tó wà lójú keje pẹpẹ. Oyèkànmí kò fi nǹkan kan síbẹ̀! Kò fi nǹkan kan síbẹ̀ o! Ètò tó ń ka ewúrẹ́ ààfin ló ti fi iye wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Ewúrẹ́ mẹ́tàlélógójì! Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́tàlélógójì! Omi ya wọ yàrá Ọ̀tún. Kànga gbẹ kanlẹ̀. Omi ti tún sun láti àná, ṣùgbọ́n a ti yọ ètò yẹn kúrò, kò sì sí òmíràn tó lè fà á. Ọjọ́ kẹfà rèé tí a ti ń bọ́ ojú nìkan.

Ọba pàṣẹ!

Èkíní: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka ojú pẹpẹ tí kò kọ́kọ́ fi nǹkan sí. Ẹni tó bá dán an wò yóò pọnmi fún ewúrẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì, yóò sì máa bẹ̀rẹ̀ gbé e fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkejì: Ojú karùndínláàdọ́rin kò sí! Kò sí o! Ẹni tó bá nawọ́ débẹ̀, ọdún kan ni kò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀kẹta: Bí Adéṣèwà bá dé oríta kan nínú ètò tó ti dé rí, pẹ̀lú ẹrù kan náà, kó má tún ọ̀nà náà rìn. Ojú pẹpẹ tí ẹnikẹ́ni kò ní kà mọ́, kó gbàgbé ohun tó wà níbẹ̀, kó má bàa tìtorí rẹ̀ ka oríta àtijọ́ sí tuntun. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án ti di ti àárọ̀ kan!

Ẹ̀kẹrin: Ìlà tí ẹsẹ̀ ètò kò lè dé, ẹ pa á rẹ́. Oríkì Ọ̀tún, ogójì ìlà gbáko, tí Oyèkànmí ní kí kọ̀ǹpútà kọ jáde bí méjì bá ju mẹ́ta lọ, a ti pa á rẹ́! Ọ̀tún ní òun yóò pẹjọ́. Kábíyèsí ní kó dúró di ọjọ́ tí méjì bá ju mẹ́ta lọ.

Ẹ dákẹ́ ná! Ìka Adéṣèwà ti dé ìlà ìkẹyìn. Ó ń wo ojú keje. Lọ́tẹ̀ yìí, Oyèkànmí ti ní kí ètò fi wákàtí méjì síbẹ̀ kó tó kà á. Ó dára! Adéṣèwà ti jẹ́ kó wọlé. Ẹ gbọ́ páìpù! Omi dé!

Ọ̀tún dìde, ó fẹ́ ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ olójú ewé mẹ́ta. Adéṣèwà ti gbé garawa tirẹ̀, ó ti kọjá géètì.

Bí wọ́n ṣe rán mi ni mo ṣe wí. Ẹni tó gbọ́, kó wí délé. Ẹni tó bá ní òun kò gbọ́, òùngbẹ ń gbẹ ewúrẹ́ ààfin o!