Irun Tútù àti Ọkọ̀ Aago Mọ́kànlá

Àgbàlá kan náà ni èmi àti Desanka ń lò ní ìlú Niš, ògiri tó wà láàárín wa kò nípọn, fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ sì kọjú sí tèmi gan-an, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní olófòófó. Àlejò kan ṣoṣo tó gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni Ilpo, ọmọkùnrin ilẹ̀ Finland tí irun orí rẹ̀ gùn dé ìbàdí, tó ń dá rin ìlú mẹ́fà nínú òtútù pẹ̀lú àpò ẹ̀yìn kan àti owó péréte. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ èdè wa lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ló kọ́, kò kọ́ ohùn ọ̀rọ̀.

Ìlú Sofia nìkan ló kù fún un láti dé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, aago mọ́kànlá ló máa gbéra ní ibùdókọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, ìdájí ọjọ́ kejì sì ni bàálù olówó pọ́ọ́kú máa gbé e láti Sofia lọ sílé. Ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó fọ irun, ooru sítóòfù onígi mú un, ó bá ṣí fèrèsé ilé ìdáná, ó tún ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni Desanka gbé igi ìdáná wọlé.

DESANKA: (ó ju igi sílẹ̀) Ìyá Olúwa o! Ta ló ṣí fèrèsé? Ta ló ṣí ilẹ̀kùn?

ILPO: Èmi ni, Màmá. Inú ilé gbóná.

DESANKA: Méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà! Pẹ̀lú irun tútù! Kí ni mo fi ṣe ẹ́, ọmọ yìí, tó fi jẹ́ pé ilé mi lo fẹ́ kú sí?

ILPO: Kí ló wà níbẹ̀ tó máa pa mí?

DESANKA: Atẹ́gùn! Atẹ́gùn ni! Tó bá ti gba fèrèsé wọlé tó gba ilẹ̀kùn jáde, ẹni tó bá wà láàárín ti kú nìyẹn!

Ilpo yọjú síta lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òkúta mẹ́ta tá a máa ń tẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí àgbàlá ló rí.

ILPO: Àtẹ̀gùn yìí? Kò ga, Màmá. Mẹ́ta péré ni.

DESANKA: Mẹ́ta kẹ̀? Ẹyọ kan ló pa Boško ọkọ mi!

ILPO: Ẹyọ kan? Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ó ń sáré ni?

DESANKA: Ó jókòó ni! Ó jókòó jẹ́jẹ́, ó ń ka ìwé ìròyìn.

ILPO: Ó jókòó, àtẹ̀gùn wá pa á.

DESANKA: Ẹ̀yìn ló gbà yọ sí i. Ó kọ́kọ́ mú un lọ́rùn, ó sọ̀kalẹ̀ sí kíndìnrín, nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó parí.

ILPO: (ó ń mi orí) Tilé wa ní Finland, onígi ni. Mẹ́tàdínlógún. Ojoojúmọ́ la máa ń gùn ún.

DESANKA: Ẹ máa ń gun atẹ́gùn?

ILPO: Láàárọ̀, lálẹ́. Ìyá-àgbà mi máa pé ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún lọ́túnla, òun náà ṣì ń gùn ún. Kì í di nǹkan kan mú. Tí iná bá lọ, inú òkùnkùn ló máa ń gùn ún lọ sókè.

Desanka fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú lẹ́ẹ̀mẹta.

DESANKA: Ìyá bàbá ẹ ni àbí ìyá ìyá ẹ?

ILPO: Ìyá ìyá mi.

DESANKA: Ọ̀nà ìyá náà ni àjẹ́ máa ń gbà. Ìyá ẹ ńkọ́, òun náà ń gùn ún?

ILPO: Rárá o. Orúnkún ń dun ìyá mi.

DESANKA: Olúwa, o ṣeun.

Ó sé fèrèsé. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ó lọ ti ilẹ̀kùn iwájú náà, ó ju kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sínú àpò aṣọ ìdáná rẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá wo ẹsẹ̀ àlejò náà lórí táìlì.

DESANKA: O ò tún wọ ìbọ̀sẹ̀!

ILPO: Màmá, ilẹ̀ wa tutù ju ibí lọ. Inú omi yìnyín la ti máa ń wẹ̀.

DESANKA: Ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi pọ̀. Jókòó síwájú sítóòfù. Títí irun yẹn á fi gbẹ, o ò lọ ibì kankan.

ILPO: Tó bá máa gbẹ fúnra ẹ̀, wákàtí mẹ́ta ni!

DESANKA: A ó jẹun nígbà náà.

Ó bu ẹ̀wà tó ti ń sè láti àná sínú àwo kan tó fẹ̀, ó rọ epo àti àlùbọ́sà sí i lórí, ó gbé e síwájú Ilpo. Ilpo wo àwo, ó wo aago ara ògiri. Ó ti di aago mẹ́wàá ààbọ̀.

ILPO: Màmá, ẹwà yín pọ̀ jù!

DESANKA: Kí lo wí?

ILPO: Ẹwà yín ni. Ó pọ̀. Ojú mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Desanka jókòó. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi ọwọ́ to irun rẹ̀, ó gbé páànù tó ń dán, ó wo ojú ara rẹ̀ níbẹ̀.

DESANKA: Láti ìgbà tí Boško ti lọ, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

ILPO: Wọn ò lójú ni. Mo ti dé ìlú márùn-ún, tiyín ló ga jù. Ti Budapest, inú agolo ló wà.

DESANKA: Mo ti ń gbọ́ ọ. Àtíkè lásán ni gbogbo wọn.

ILPO: Tiyín gbóná, ó rọ̀, ó rí róbótó róbótó.

DESANKA: Ọmọ yìí, rọra o. Ó ti tó.

ILPO: Ṣùgbọ́n èmi nìkan ò lè dá a jẹ tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún aládùúgbò yín nínú ẹ̀.

DESANKA: Aládùúgbò wo? Ṣé ẹni tó ń yọjú lẹ́yìn aṣọ fèrèsé yẹn? Kò tọ́ sí i!

Mo fà sẹ́yìn díẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń wo ẹwà náà láti òkèèrè, n kò sì sọ ohunkóhun rí. Ọmọdé àlejò wá dé lánàá, ó ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ilpo gbé ṣíbí bíi mẹ́rin mì láìrún un lẹ́nu, ó dìde.

ILPO: Màmá, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ọkọ mi ń lọ ní aago mọ́kànlá.

DESANKA: Ta ló ń lọ?

ILPO: Ọkọ mi. Tí mi ò bá tètè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó máa fi mí sílẹ̀.

Desanka rọra so gèlè rẹ̀ padà.

DESANKA: O ní ọkọ, o wá jókòó síbí, o ń yin ẹwà mi.

ILPO: Èmi nìkan kọ́ ni mo ni ín, Màmá. Àwa bí ogójì la jọ ń lò ó.

DESANKA: Ogójì!

ILPO: Ní ìgbà òtútù. Nígbà ooru, a máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì lágbára. Wọ́n ní tó bá ń gun òkè ló máa ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀.

DESANKA: Kò ní ṣàì mí! Ogójì! Ibo lo ti mọ̀ ọ́n?

ILPO: Mi ò tíì wọ̀ ọ́ rí. Orí fóònù ni mo ti yàn án. Òun lowó ẹ̀ kéré jù.

DESANKA: (ó gbé ọwọ́ sókè) Wò ó, ọmọ mi. Èmi kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

Níbi tí mo wà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín jáde.

DESANKA: Ẹni tó bá wu olúkúlùkù ni kó fẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú kò ju ẹyọ kan lọ: irú ọkọ wo ló máa rí ẹ pẹ̀lú irun tútù, tí kò ní dúró kó gbẹ?

ILPO: Kì í dúró de ẹnikẹ́ni, Màmá.

DESANKA: Fi í sílẹ̀!

ILPO: Kò sí òmíràn lónìí.

DESANKA: Ọmọ tó dáa bí ẹ, kò sí òmíràn? Ọmọ àbúrò mi wà ní Pirot, dókítà eyín ni. Ara ẹ̀ balẹ̀, ilé ẹ̀ gbóná, kò sì ní já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú òtútù láéláé.

ILPO: (ó ń retí) Ṣé ó ń dé Sofia?

DESANKA: Tó o bá fẹ́ kó dé Sofia, á dé Sofia.

ILPO: Aago mélòó ló máa ń gbéra?

DESANKA: Lẹ́yìn tó bá ti jẹun.

Ilpo wo aago, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó di Desanka lọ́wọ́ mú, ó fà á lọ sí fèrèsé iwájú tó kọjú sí títì. Èmi náà sáré lọ sí tèmi. Ọkọ̀ Sofia wà níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń hó, awakọ̀ tó ní irùngbọ̀n dúró síwájú rẹ̀ láìdé fìlà, ó ń mu sìgá.

ILPO: Ẹ wò ó! Ọkọ mi nìyẹn!

DESANKA: Níbo? (ó tẹjú mọ́ awakọ̀) Ìyẹn? Radoslav nìyẹn! Mo mọ̀ ọ́n dáadáa! Ọkọ Slavica ni!

ILPO: Rárá, Màmá, ọkọ Sofia ni.

DESANKA: Sofia tún nìyẹn? Slavica ṣì wà láyé o!

ILPO: Wọ́n kọ ọ́ síwájú orí ẹ̀. Ẹ kà á: So-fi-a.

DESANKA: Kò tiẹ̀ tijú! Ó kọ ọ́ síta!

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta. Ilpo wá fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra jókòó sílẹ̀, omi irun rẹ̀ ń kán sórí ẹní. Omi mìíràn ti ń bọ̀ lójú rẹ̀.

ILPO: Màmá, mo bẹ̀ yín. Tí mi ò bá dé Sofia lónìí, bàálù á lọ. Tí bàálù bá lọ, mi ò lówó òmíràn. Lọ́túnla, Ìyá-àgbà mi á jókòó síwájú kéèkì ọjọ́ ìbí ẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e. Òun ló tọ́ mi dàgbà. Ó ti ń dúró lójú fèrèsé láti àná.

Desanka rọra bẹ̀rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

DESANKA: Kérésìmesì wa tó kọjá yìí, mo se oúnjẹ fún ènìyàn mẹ́fà. Vienna ni àwọn ọmọ mi wà. Wọ́n ní yìnyín dí ọ̀nà. Mo mọ bó ṣe ń rí lẹ́yìn fèrèsé, ọmọ mi. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Kí ló dé tó ò tètè sọ pé ìyá-àgbà kan ló ń dúró?

ILPO: Ó ní tí mi ò bá dé, òun fúnra òun máa wá mi kàn níbikíbi tí mo bá wà.

DESANKA: (ó dìde lójijì) Ó ní òun á wá? Síbí?

ILPO: Ó lè ṣe é, Màmá. Ó kàn máa gun àtẹ̀gùn ẹ̀ lọ sókè ni, á gbé àpò, ó ń bọ̀ nìyẹn.

DESANKA: Dìde! Dìde kíá! Kí lò ń jókòó sílẹ̀ ṣe?

Ẹ ò rí eré rí. Ó di irun Ilpo ní ọ̀nà méjì, ó wé e mọ́ ọn lórí, ó so gèlè mẹ́ta lé e, ó gbé fìlà onírun àgùntàn Boško dé gbogbo rẹ̀. Ó da ọtí rakíyà sínú ìbọ̀sẹ̀ onírun méjì, ó wọ̀ ọ́ fún un. Ó ki ìgò ẹ̀wà gbígbóná bọ àpò rẹ̀.

ILPO: Màmá, mi ò gbọ́ràn mọ́!

DESANKA: Tó ò bá gbọ́ràn, atẹ́gùn ò lè wọ etí ẹ nìyẹn. Máa lọ! Kó o sì sọ fún Radoslav pé mo rí i!

Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Ilpo gbá a mọ́ra, ó sáré gba títì kọjá, àpò rẹ̀ ń fò lẹ́yìn. Ó fò sínú ọkọ̀ bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe ń tì. Ó ku ìṣẹ́jú kan.

Desanka dúró gbagada lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó ń juwọ́, ó ń nu ojú. Kò rí i pé fèrèsé ilé ìdáná tó fi ìkánjú sé lẹ́ẹ̀kan kò wọlé dáadáa. Ó ṣí gbàràgàdà lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ fèrèsé fò sókè, ìwé ìròyìn fò, gèlè orí rẹ̀ fẹ́ síwájú. Ilpo rí i láti inú ọkọ̀. Ó fa gíláàsì fèrèsé ọkọ̀, ó yọ orí síta tòun ti fìlà Boško, ó sì pariwo. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé, ohùn ọ̀rọ̀ náà bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí.

ILPO: Màmá! Atẹ́gùn! Atẹ́gùn ti wọlé lẹ́yìn yín!

Desanka ki gèlè rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbójú sókè ọ̀run, ó wo òkè ilé, ó tún wo ọkọ̀ tó ti ń lọ.

DESANKA: Ìyá-àgbà ẹ ti dé kẹ̀? Pè é lórí fóònù! Sọ fún un pé o ti wà lọ́nà! Tó bá sì rẹ̀ ẹ́, kó sọ̀kalẹ̀, ẹ̀wà wà lórí iná, ṣùgbọ́n kó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kó sì ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara ẹ̀!