Línọ́ọ̀sì Nílé Àna

Pálọ̀ kan, ọ̀sán Sọ́ńdè. Bàbá, awakọ̀ èrò tó ti fẹ̀yìn tì, gúnwà sórí àga, ó di páàdì géèmù mú bí ẹní di sítíárìn mú. Lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ jókòó sí, níwájú kọ̀ǹpútà tó ti ń tún ṣe látàárọ̀. Nígbà tí kò sì tíì di àna, gbogbo ilé ń pè é ní Àna Ọ̀la.

BÀBÁ: Àna Ọ̀la, agogo mẹ́rin ti ń sún mọ́ o. Kọ́ńdọ́ ń dúró dè mí lórí pápá.

ÀNA Ọ̀LA: Ó ti ku díẹ̀, Bàbá.

BÀBÁ: Díẹ̀ yẹn lo ti ń sọ látàárọ̀. Díẹ̀ wo ni kì í tán? Ṣé o ní oko tó o ti ń gbìn ín ni?

ÀNA Ọ̀LA: Ẹ ṣe sùúrù fún mi, sà.

BÀBÁ: O mọ ẹni tí Kọ́ńdọ́ jẹ́ ṣá? Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ mi ló fi ọjọ́ ayé ẹ̀ kọ́ sí. Èmi ń wà á, òun ń gbowó. Tí mo bá súfèé, ó bọ́ sílẹ̀; tí mo bá wúkọ́, ó gòkè. Ẹni yẹn ló wá dé orí géèmù tó ń fi góólù bọ́ mi bí ẹní ń fún ọmọ ọwọ́ lóúnjẹ. Lónìí ni mo máa gba iyì mi padà. Tí mo bá nà án, wá béèrè ọmọ mi, mo ti gbà.

ÀNA Ọ̀LA: Ẹ máa nà án, Bàbá.

BÀBÁ: Tí mi ò bá nà án ńkọ́? Wàá rí i pé ohùn kékeré kan ló wà láàárín àna àti àná.

*(Àna Ọ̀la tẹ bọ́tìnì kíákíá.)*

BÀBÁ: Èmi ò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ńlá. Mo ní ẹ̀rọ mi ń falẹ̀, bá mi gbá eruku inú ẹ̀. Ìwọ lo ní...

ÀNA Ọ̀LA: Mo ní kí n gbé Línọ́ọ̀sì sí i, Bàbá, ètò tuntun tó máa darí ẹ̀rọ yín. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sẹ́nì kan tó ni ín, gbogbo ayé ló ni ín.

BÀBÁ: Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé, ta lèèyàn máa wá dì mú tó bá bàjẹ́?

ÀNA Ọ̀LA: Àwọn ọ̀mọ̀ràn wà lórí ayélujára, Bàbá. Kò síbéèrè tí wọn kì í dáhùn.

BÀBÁ: O ti bi wọ́n?

ÀNA Ọ̀LA: Látàárọ̀.

BÀBÁ: Kí ni wọ́n wí?

ÀNA Ọ̀LA: Wọ́n ní kí n lọ kàwé.

*(Ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Lẹ́tà funfun wọ́ jáde bí èèrà. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń wí pé nǹkan ti bàjẹ́ pátápátá. Ọmọlúàbí wo ló máa wo ojú bàbá ìyàwó, kó ní nǹkan ti bàjẹ́?)*

BÀBÁ: Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn? Awò ojú mi wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Mo ń rí bọ́ọ̀lù, mo ń rí àwọ̀n, lẹ́tà ni mi ò rí.

ÀNA Ọ̀LA: Ó ń kí yín ni, Bàbá.

BÀBÁ: Ìkíni ló gùn tó báyìí?

ÀNA Ọ̀LA: Ó mọ̀ pé àgbà ni yín. Ó kí yín, ó kí ilé, ó ń béèrè àlàáfíà Màmá.

BÀBÁ: Ẹ̀rọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ti tẹ́lẹ̀ kì í kí èèyàn, ṣe ló máa ń wò mí. Sọ fún un pé a wà dáadáa.

*(Àna Ọ̀la tẹ nǹkan. Lẹ́tà náà di ìlọ́po méjì.)*

BÀBÁ: Inú ẹ̀ mà dùn o.

ÀNA Ọ̀LA: *(ó ń kùn sínú)* Ó ní òun ò rí dẹ́rẹ́bà.

BÀBÁ: Ta ni ò rí dẹ́rẹ́bà?

ÀNA Ọ̀LA: Káàdì tó ń ya àwòrán inú ẹ̀ ni, Bàbá. Ó fẹ́ dẹ́rẹ́bà.

BÀBÁ: *(ó dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe)* Sọ fún un pé dẹ́rẹ́bà ti dé. Kò sí títì tí mi ò wa ọkọ̀ lórí ẹ̀, mi ò sì pa adìyẹ kan rí.

ÀNA Ọ̀LA: Kì í ṣe irú dẹ́rẹ́bà yẹn, sà.

BÀBÁ: Irú wo ni? Èyí tí ò ní láísẹ́ǹsì?

ÀNA Ọ̀LA: Ti inú ẹ̀rọ ni, ètò kékeré tó ń darí káàdì yẹn. Línọ́ọ̀sì fẹ́ràn dẹ́rẹ́bà tí ìwé ẹ̀ wà ní ṣíṣí, tí gbogbo èèyàn lè kà.

BÀBÁ: Ìwé tèmi ò ṣí fún gbogbo èèyàn. Ọlọ́pàá nìkan ni mò ń fi hàn, ìyẹn náà, tó bá ti bínú dé góńgó.

*(Bàbá jókòó padà, ojú ti kọ́rẹ́ lọ́wọ́.)*

BÀBÁ: Kí ló dé tí ti tẹ́lẹ̀ fi ń ṣí wéré?

ÀNA Ọ̀LA: Wíńdòsì lẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀, Bàbá. Géèmù bọ́ọ̀lù yín, èdè Wíńdòsì ló ń sọ, Línọ́ọ̀sì ò sì gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ògbufọ̀ sáàárín wọn. Géèmù á sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ á túmọ̀ ẹ̀, Línọ́ọ̀sì á ṣe é.

BÀBÁ: Kí èmi tó gbá bọ́ọ̀lù lẹsẹ̀ kan, ìgbìmọ̀ á kọ́kọ́ jókòó?

ÀNA Ọ̀LA: Ògbufọ̀ náà yára, Bàbá.

BÀBÁ: Mo mọ ògbufọ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù. Ẹnì kan ní òun ò jẹ̀bi, ó túmọ̀ ẹ̀ pé ó ń tọrọ àánú. Ẹ̀wọ̀n ni ọkùnrin yẹn wà tó fi hu ewú.

*(Pápá bọ́ọ̀lù yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó dúró gbagidi. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń rákò nísàlẹ̀ rẹ̀.)*

ÀNA Ọ̀LA: Ó ti ṣí, Bàbá. Ẹ wò ó.

BÀBÁ: Kí ló ń ṣe tí kò mira?

ÀNA Ọ̀LA: Ó ń kun koríko.

BÀBÁ: Ó ń ṣe kí ni?

ÀNA Ọ̀LA: Gbogbo àwọ̀ orí pápá, ó gbọ́dọ̀ kùn wọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Tó bá ti kùn ún, ó parí nìyẹn, àfi tí wọ́n bá tún nǹkan kan ṣe nínú géèmù.

BÀBÁ: Ìgbà wo ni wọ́n máa ń tún un ṣe?

ÀNA Ọ̀LA: Ojoojúmọ́.

*(Àwọn agbábọ́ọ̀lù jáde. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn, ẹ̀wù wà lára wọn, ọrùn ni gbogbo wọn parí sí.)*

BÀBÁ: Orí wọn dà? Mi ò nílò awò láti rí ìyẹn.

ÀNA Ọ̀LA: Orí ń bọ̀ lẹ́yìn, Bàbá. Ẹsẹ̀ ṣáà ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù.

BÀBÁ: Gólì mi ńkọ́? Báwo ló ṣe máa rí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀?

ÀNA Ọ̀LA: Bó ṣe ń rí i tẹ́lẹ̀ náà ni.

*(Bàbá wò ó títí. Àna Ọ̀la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu òun. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì rẹ̀, ó fa ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan jáde.)*

ÀNA Ọ̀LA: Bàbá, kó tó di pé orí wọn dé, ẹ gba èyí. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ti ń gbá a. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Odindi kọ̀ǹpútà ló wà nínú ẹ̀, Línọ́ọ̀sì ni wọ́n sì bí mọ́ ọn. Ẹ lè gbá bọ́ọ̀lù lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ lè gbá a nílé ìwẹ̀.

BÀBÁ: *(ó gbà á)* Ó gbóná.

ÀNA Ọ̀LA: Ara ẹ̀ yá gágá ni. Inú ẹ̀ dùn láti rí yín.

BÀBÁ: Ó ń hó.

ÀNA Ọ̀LA: Fáànù ẹ̀ ni, sà.

BÀBÁ: Mo ti wa ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ ti kú, kò pariwo tó báyìí. Wo àtàńpàkò mi, gbogbo bọ́tìnì ló bò mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń sáré kiri níbí yìí, agbábọ́ọ̀lù ni àbí èèrùn?

*(Ẹ̀rọ náà ké pìì. Ojú rẹ̀ ṣú.)*

BÀBÁ: Kí ló tún ṣe é?

ÀNA Ọ̀LA: Bátìrì ẹ̀ ló... Ó ní òun fẹ́ fojú pa díẹ̀.

BÀBÁ: Iṣẹ́ wo ló ṣe? Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì, mi ò tíì rẹjú látàárọ̀. Òun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ti sùn lọ. Gbé e padà sínú báàgì, kó má kọ́ mi ní ìwàkiwà.

*(Lórí kọ̀ǹpútà, orí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti dé lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bá ọrùn tó jẹ́ tiwọn. Orúkọ Kọ́ńdọ́ yọ. Bàbá fa páàdì mọ́ra. Kó tó tẹ ohunkóhun, pápá pòórá, àkọlé pupa gbàǹgbà gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ géèmù náà ti rí ògbufọ̀, kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì kọ ọ́ lédè òyìnbó pé òun ti mú olójoro kan, òun sì ti lé e kúrò lórí pápá títí ayé.)*

BÀBÁ: Kí lèyí tó pupa yìí?

ÀNA Ọ̀LA: Bàbá...

BÀBÁ: Kà á fún mi.

ÀNA Ọ̀LA: *(òógùn ń já bọ́ létí rẹ̀)* Wọ́n ní... wọ́n ní ọwọ́ yín yá ju ti èèyàn lọ.

BÀBÁ: *(ó rọra gbé páàdì kalẹ̀)* Àwọn wo?

ÀNA Ọ̀LA: Àwọn tó ni géèmù.

BÀBÁ: Àwọn fúnra wọn?

ÀNA Ọ̀LA: Àwọn fúnra wọn. Wọ́n ní irú yín ò gbọdọ̀ bá àwọn ọmọ èèyàn yòókù gbá a mọ́. Títí ayé.

BÀBÁ: Títí ayé. Mi ò sì tíì tẹ bọ́tìnì kankan o.

ÀNA Ọ̀LA: Ìyẹn gan-an ló yà wọ́n lẹ́nu.

*(Bàbá fa fóònù yọ, ó ya àkọlé pupa náà ní fọ́tò.)*

ÀNA Ọ̀LA: Bàbá, ẹ má yà á. Ẹ jẹ́ ká fi ìrẹ̀lẹ̀ ṣe é.

BÀBÁ: Ìrẹ̀lẹ̀ kẹ̀? Àwa awakọ̀ tó fẹ̀yìn tì ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù. Àárọ̀ dalẹ́, àìsàn ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìròyìn ayọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ti lọ.

ÀNA Ọ̀LA: Ṣé Kọ́ńdọ́ wà nínú ẹgbẹ́ yẹn?

BÀBÁ: Ta lo rò pé mo torí ẹ̀ fi ránṣẹ́?

ÀNA Ọ̀LA: Ṣé... ṣé wọ́n gbọ́ òyìnbó?

BÀBÁ: Òyìnbó ẹ̀ mọ́ ju omi lọ. Àmọ́ ìyẹn ò kàn wá. Ọmọ mi, o ṣeun. O fi iyì sí mi lórí. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé látòní lọ...

*(Fóònù dún. Kọ́ńdọ́ ò kọ̀wé; ohùn ló fi ránṣẹ́.)*

ÀNA Ọ̀LA: *(ó fò dìde)* Ẹ má tẹ̀ ẹ́, Bàbá. Ẹ gbé e fún mi, kí n gbọ́ ọ, kí n sọ ohun tó wí fún yín.

BÀBÁ: Èdè abínibí mi náà lo fẹ́ túmọ̀ fún mi?

*(Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, ó gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ikọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn Kọ́ńdọ́: "Ọ̀gá Dẹ́rẹ́bà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ojoro lẹ̀ ń ṣe, wọ́n lé yín dànù, ẹ wá yà á ní fọ́tò fún wa? Èmi ò rí ẹni tó gbé ìwé ẹ̀sùn ara ẹ̀ kiri rí. Mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ mi.")*

BÀBÁ: Wọ́n ní mò ń ṣe kí ni?

ÀNA Ọ̀LA: Bàbá, ọ̀rọ̀ òyìnbó, ibi tí èèyàn bá gbà wò ó ni.

BÀBÁ: Ibo lo gbà wò ó?

ÀNA Ọ̀LA: Ẹ̀yìn, sà. Ẹ̀ṣọ́ géèmù ló rí ògbufọ̀ tí mo fi síbẹ̀, ó rò pé ẹni burúkú ni.

BÀBÁ: Ẹ̀ṣọ́ rí ògbufọ̀ tí kò mọ̀, ó lé e jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ gbọ́n. Èmi, mo fún tèmi ní àga, mo tún bu omi tútù fún un.

*(Àna Ọ̀la dọ̀bálẹ̀ gbalaja.)*

BÀBÁ: Dìde níbẹ̀. Dá Wíńdòsì mi padà. Kọ́ńdọ́ ṣì wà lórí pápá.

ÀNA Ọ̀LA: *(láti ilẹ̀)* Bàbá, Wíńdòsì ti wàjà.

BÀBÁ: Bíi ti ọba?

ÀNA Ọ̀LA: Bíi ti ọba, sà.

BÀBÁ: Àwọn nǹkan tó wà lábẹ́ ẹ̀ ńkọ́?

ÀNA Ọ̀LA: Wọ́n bá ọba lọ. Ẹyọ kan ò ṣẹ́ kù. Mo bi yín kí n tó nù ún, Bàbá. Mo ní ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ ní bọ́ọ̀lù yín nìkan ni.

*(Bàbá jókòó. Ó tún dìde.)*

BÀBÁ: Ìbéèrè ìdánwò.

ÀNA Ọ̀LA: Ìdánwò wo?

BÀBÁ: Ti ìyá ẹ̀. Ìyá ọmọ tó o fẹ́ fẹ́. Ṣé o ò mọ̀ pé ọ̀gá ilé ìwé ni? Ìdánwò gbogbo kíláàsì, látorí àwọn tó ṣì ń sunkún dórí àwọn tó ti ń fá irùngbọ̀n. Gbogbo sáà yìí ló fi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀.

ÀNA Ọ̀LA: Inú kọ̀ǹpútà yìí ló wà?

BÀBÁ: Kódà ó kìlọ̀ fún mi. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

ÀNA Ọ̀LA: Bàbá, ẹ ò sì sọ fún mi.

BÀBÁ: Ọ̀rọ̀ Kọ́ńdọ́ ló gba gbogbo orí mi.

*(Ìró bàtà lórí àtẹ̀gùn. Kò kánjú. Bàtà ẹni tí odindi ilé ìwé máa ń gbọ́ tí wọ́n á fi pa ẹnu mọ́.)*

ÀNA Ọ̀LA: Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn, Bàbá. Ẹ̀yin lọkọ wọn.

BÀBÁ: *(ó fà á dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ dànù)* Ọmọ mi, mo fún ẹ lọ́mọ.

ÀNA Ọ̀LA: Sà?

BÀBÁ: Mo fún ẹ. Báyìí. Má wulẹ̀ dúpẹ́.

ÀNA Ọ̀LA: Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣì rò ó dáadáa. Kí la ń lé?

BÀBÁ: Kò sí ìrò kankan. Ọmọ ilé yìí ni ẹ́ látìsinsìnyí.

*(Kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn. Bàbá gbé Àna Ọ̀la jókòó sórí àga ńlá, ó ki páàdì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ wọ bàtà, ó lọ jókòó sí etí àga kékeré tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan.)*

ÀNA Ọ̀LA: Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?

BÀBÁ: Ẹ kúulé o, onílé. Èmi kàn yà kí yín ni, mo ti ń lọ.