Ọjọ́ Tí Fèrè Mi Bú Àna Mi

Ọjọ́ kan wà tí mo ti gbìyànjú títí kí n gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Òpómẹ́ta kò gbà fún mi. Bí mo bá ti gbé alùpùpù mi dé ẹ̀bá ọjà wọn báyìí, ẹnì kan á ti bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé: dò, mí, re, re. Ohùn mẹ́rin péré ni. Ohùn mẹ́rin yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ mi kí n tó fẹ́ ẹ.

Iṣẹ́ alùpùpù títúnṣe ni mo ń ṣe ní Kétu, ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ Àìkú, inú fáńfáà, ẹgbẹ́ onífèrè ìjọ wa, lẹ máa bá mi, mo ń fọn kilarinẹ́tì. Fún ẹni tí kò rí i rí, fèrè onígi ni, ó dúdú, ó gùn gbọọrọ, irin tó ń dán sì wà káàkiri ara rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti rò pé kò mọ̀ ju orin ìjọ àti orin ìsìnkú lọ. Àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá orin rẹ̀ kiri lórí pọ́táábù, fóònù alágbèéká mi. Háà! Mo rí i pé àwọn kan ti kọ orin fún kilarinẹ́tì nìkan, tí ẹnì kan ṣoṣo á dìde, á fọn ọ́n láìsí onílù, láìsí akọrin. Mo rí èyí tí òun àti pianó jọ ń sọ̀rọ̀ bíi tọkọtaya. Mo rí ti ẹni mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni mo wá kan orin ẹni márùn-ún, kilarinẹ́tì kan láàárín fayolíìnì mẹ́rin, gòjé òyìnbó, ńlá àti kékeré. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ abala rẹ̀ tó ń rọra lọ, mo gbé sípánà sílẹ̀, mo jókòó sórí táyà, omi ń bọ́ lójú mi. Oníbàárà tó wà níwájú mi rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún mi ni.

Mo kọ́ ipa tèmi nínú orin náà títí ó fi mọ́ mi lára. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé mi ò mọ ẹnì kan tó ní fayolíìnì ní gbogbo Kétu. Èmi nìkan ni mo ń fọn tèmi. Níbi tó bá ti kan àwọn mẹ́rin tó kù, mo máa ń dákẹ́, mo máa ń kà á lọ́kàn títí yóò fi tún kàn mí, mo sì ń gbọ́ wọn kedere nínú orí mi. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Mi ò rántí pé kò sí ẹlòmíràn nínú orí mi.

Àsìkò náà ni mo fẹ́ fẹ́ Ìyábọ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ní Òpómẹ́ta, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ le. Àgbàdo rẹ̀ kún àká, iṣu rẹ̀ kún abà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ kí i, omi tútù lẹ máa mu, ẹ ó sì dúpẹ́. Àkùkọ pupa kan wà lágbàlá rẹ̀ tí ọdún Kérésì ń bá láyé, tí ọdún Àjíǹde ń bá láyé. Ká ní ènìyàn ni, ì bá ti máa dìbò. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ta ni yóò sọ ọ́ lójú bàbá?

Bàbá kò sọ pé òun fẹ́ mi, kò sì sọ pé òun kò fẹ́ mi. Ohun tó sọ fún Ìyábọ̀ ni pé: "Wọ́n ní afọnfèrè ni. Kó wá fọn ọ́n kí mọ̀lẹ́bí gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá fèsì."

Ìyábọ̀ bẹ̀ mí títí. "Jọ̀ọ́, orin ìjọ ni kí o fọn o. Èyí tí wọ́n mọ̀."

"Orin ìjọ kẹ̀? Ta ni kò lè fọn orin ìjọ? Èyí tí mo máa fọn fún bàbá rẹ, kò tí ì dé ilẹ̀ yìí rí."

"Kò-tí-ì-dé-rí yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí fún un. Èmi tí mò ń pa òwe, mi ò tilẹ̀ wo àpáta náà dáadáa.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni mo lọ, nígbà ọyẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ọ̀rọ̀ lè yé yín: pákó pẹlẹbẹ kan wà lẹ́nu kilarinẹ́tì, tó tín-ín-rín bí èékánná, òun ni èémí ń mú gbọ̀n kí ohùn tó jáde. Bó bá gbẹ, igbe burúkú ni fèrè máa ké. Atẹ́gùn ọyẹ́ ti mú un gbẹ pátápátá, eruku ọ̀nà sì ti sọ èmi fúnra mi di ògiri pupa. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni mo ki pákó náà bọ ẹnu kó lè rọ̀, bí a ti máa ń ṣe é. Ni mo bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo wọ agbo ilé, mo rí bàbá lórí àga, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ hú ọ̀hán, Bàbá."

Bàbá wò mí títí. "Pákò ló wà lẹ́nu rẹ yẹn?"

"Ráhá, Bàbá."

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, èyí tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. "Ọ̀sán gangan, kò tí ì fọ ẹnu. Tòun ti pákò ló fi wá tọrọ ọmọ."

Mo sáré yọ ọ́, mo nà án sí bàbá kó lè rí i pé kì í ṣe pákò. Títí di òní, mi ò mọ ohun tó jẹ́ kí n rò pé pákó tí itọ́ ń kán lára rẹ̀ lè tún ọ̀rọ̀ èmi àti àna mi ṣe.

Mọ̀lẹ́bí pé jọ sábẹ́ igi máńgòrò, mo ṣí àpótí mi. Wọ́n rí kilarinẹ́tì ní gígé-gígé nínú rẹ̀, nítorí bí a ṣe ń kó o rìnrìn-àjò nìyẹn. Ìyá Àgbà figbe ta. "Ó ti fọ́! Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, ọ̀nà wa yìí ni kò dáa." Kí n tó ṣàlàyé, gbogbo wọn ti ń kí mi kú ewu. Nígbà tí mo sì tò ó pọ̀ tán, wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Ọkùnrin kan mi orí, ó ní, "Mekaníṣíàn ni lóòótọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ó dára níbẹ̀rẹ̀. Ohùn náà jáde geere, ilé pa rọ́rọ́, mo rí Ìyábọ̀ tó rẹ́rìn-ín díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ló bá kan àwọn onífayolíìnì mi. Mo dákẹ́, mò ń kà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo fi ọwọ́ sọ fún wọn pé ó kù, mo tún fọn díẹ̀, mo tún dákẹ́.

"Ṣé kò ti gbàgbé báyìí?" ẹnì kan béèrè.

"Èémí rẹ̀ ló tán. Ẹ fún un lómi."

Wọ́n gbé omi tì mí lẹ́nu. Mo mu ún, ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kí n kọ̀ ọ́, bí iye tí mò ń kà ṣe dà nù nìyẹn. Ibi tí mo rántí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ padà, ibẹ̀ sì ni kò yẹ kí n rántí. Ohùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, dò, mí, re, re, tí kilarinẹ́tì máa ń fọn, tí á dákẹ́, tí á tún fọn, tí á tún dákẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ etí wa. Ohùn kì í lọ sókè sódò lásán létí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo gbọ́ tí ìyàwó ilé kan wí jẹ́jẹ́ lẹ́yìn: "Bàbá ahun."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í tú wúyẹ́wúyẹ́. Mo fọn ọ́n, wọ́n dá mi lóhùn: "Bàbá ahun!" Èmi, òmùgọ̀, mo rò pé orin náà ti wọ̀ wọ́n lára ni. Mo ní nínú ọkàn mi pé ẹni mẹ́rin tí mò ń wá kiri ti dé nìyí. Mo di ojú, mo kó gbogbo èémí mi sí i, mo fọn ọ́n kí ará ọ̀nà oko lè gbọ́. Ìgbà tí mo la ojú, ọwọ́ Ìyábọ̀ ti wà lórí, bàbá sì ti dìde dúró.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. "Ṣé bí ẹ ṣe ń pè mí nìyẹn?" Kò pariwo rárá. Mo retí ìbínú, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ni mo rí lójú rẹ̀, ó sì dùn mí dé egungun. Olúkúlùkù tẹjú mọ́lẹ̀.

Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀. "Bàbá ire ni etí tèmi gbọ́ o." Ohùn kan náà ni, àbí kò rí bẹ́ẹ̀? Ẹ wí i wò. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Mo mọ ebi tó pa èmi àti ìwọ ní kékeré, àbúrò mi. Ebi yẹn ni kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ là. Àwọn wọ̀nyí kò mọ̀."

Bàbá nawọ́ sí mi. "Ìwọ tí o fọn ọ́n. Èwo nínú méjèèjì ni?"

Bí mo bá ní òyìnbó tó kọ ọ́ kò gbọ́ Yorùbá, ta ni yóò gbà pé fèrè ń wí ohun tí kò mọ̀? Bí mo bá sì ní ire ni, irọ́ á hàn lójú mi. Mo rò ó pé mo ti pàdánù Ìyábọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, láìsí pákó lẹ́nu lọ́tẹ̀ yìí. "Bàbá, èyí tí ẹ bá yàn ni."

Mo ti ń ka ìdákẹ́jẹ́ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè ka ìyẹn. Bàbá wò mí, ó wo Ìyábọ̀, ó wo àgbàlá.

"Ẹ mú àkùkọ yẹn," ó wí.

Ariwo ayọ̀ sọ lábẹ́ igi máńgòrò. Gbogbo ilé ló lé àkùkọ náà, èmi náà lé e, ó sì sá bí ẹni tó gbà pé òun ti di mọ̀lẹ́bí. Wọ́n sè é, sè é, kò jiná. Bàbá ní kí n máa fọn lọ títí yóò fi rọ̀. Orin ìjọ ni mo fọn. Ìyábọ̀ kàn ń wò mí.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí orin tí mo máa fọn níta tí mi ò ní kọ́kọ́ fi ẹnu kọ nílé, kí n gbọ́ ohun tó ń wí. Orin kilarinẹ́tì nìkan kan wà tó dùn gan-an, ṣùgbọ́n mo ti gbé e sísàlẹ̀ àpótí. Ohun tó ń wí nípa ìdí obìnrin, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Ẹyin lohùn. Mi ò mọ̀ pé ti fèrè náà ẹyin ni.

Bàbá ti wá di bàbá ìyàwó mi báyìí. Bí àwọn ọmọ wa bá bẹ̀ ẹ́ fún ẹran inú abọ́ rẹ̀, á kọ́kọ́ súfèé: dò, mí, re, re. Nígbà mìíràn á fún wọn, nígbà mìíràn á gbé e sẹ́nu ara rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, èwo lẹ wá ń sú nínú méjèèjì?"

Ó jẹ ẹran ẹnu rẹ̀ tán. "Ṣebí ìwọ lo ní kí n yàn? Mi ò tí ì yàn tán."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì mu omi tútù tí wọ́n gbé fún mi.